Ohùn Òṣèré Tí Bàbá Mi Fẹ́ràn

Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní ọjà Treichville ní Abidjan, ṣùgbọ́n láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti fẹ́ràn òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà kan. Wọ́n ní ẹṣin ló kọ́kọ́ ń tọ́jú fáwọn tó ń ya fíìmù, kó tó di akọni. Nígbà tó darúgbó, ipa bàbá àgbà ló kù tó ń kó.

Mo ra DVD fíìmù rẹ̀ kan fún wọn ní ọjà Adjamé. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ níbẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ohùn rẹ̀ kọ́ nìyí."

"Ohùn rẹ̀ gan-an ni, Bàbá. Ẹlòmíràn ló ń bá a sọ Faransé nínú àwọn fíìmù tí ẹ máa ń wò ní sinimá."

Wọ́n wò ó tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó ń sọ Faransé yẹn. N kò mọ̀ ọ́n.