Ìwé Ìpè Tí Mo Tẹ̀ Fún Bàbá àti Màmá Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹbí wa kan mú káàdì ìgbéyàwó rẹ̀ wá fún mi. Kí n tó ka orúkọ ìyàwó, òórùn íǹkì tútù ti gbá mi nímú, mo sì padà di ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé bàbá mi ní Bajulaiye, lọ́dún tí àwọn òbí mi kọ ara wọn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé ìjà ló tú wọn ká. Rárá o. Ìjà ì bá tiẹ̀ sàn, nítorí àwọn aládùúgbò á wá là á. Ńṣe ni wọ́n dákẹ́ síra wọn. Bàbá mi á ní kí n sọ fún màmá mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ pọ̀, màmá mi á sì jókòó síwájú wọn gan-an, tí wọ́n ń ká aṣọ. Nígbà tó yá, màmá mi kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn létí ọ̀sà ní Bàrígà, wọ́n ń yan ẹja tà. Kóòtù ìbílẹ̀ tú ìgbéyàwó náà ká. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo wà lọ́dọ̀ bàbá. Lópin ọ̀sẹ̀, mo wà lọ́dọ̀ màmá.

Ara mi kò balẹ̀ níbì kankan. Ní Bajulaiye, èéfín ẹja ni mò ń rò. Ní Bàrígà, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni etí mi ń wá. Bí mo bá jókòó ní kíláàsì, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n títí tábìlì á fi máa mì. Tíṣà wa ní kí wọ́n fún mi lóògùn aràn.

Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi jáde lọ ra bébà, mo ṣí káàdì ìdúpẹ́ oníbàárà kan lórí kọ̀ǹpútà. Mo yọ orúkọ wọn, mo fi tiwa sí i, mo kọ ọ́ pé Ọlọ́run ti parí ìjà ilé wa, kí gbogbo ayé wá bá wa yọ̀ ní Bàrígà lọ́jọ́ Sátidé. Mo tẹ ogún, mo pín in fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi àti fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí à ń pè ní Màmá Palmgrove. Ìkánjú kò jẹ́ kí n rántí pé ìdúpẹ́ ìkómọ ni káàdì náà. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọmọ tuntun wa ń retí yín."

Láàárọ̀ Sátidé, màmá mi bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹja nígbà tí Màmá Palmgrove wọlé pẹ̀lú orin, báàfù ọmọ lórí, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn wọn.

"Ọmọ dà?"

Màmá mi wẹ̀yìn. "Ọmọ wo, Màmá?"

"Ọmọ tí o bí!"

Wọ́n na káàdì sí màmá mi. Màmá mi kà á, wọ́n wò mí, wọ́n sì pe bàbá mi lórí fóònù fúngbà àkọ́kọ́ láti oṣù méje. "Ẹ máa bọ̀ ní Bàrígà. Ọmọ yín ti tẹ̀wé."

Bàbá mi dé, wọ́n ka káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì. "Àmì ohùn ẹ̀ pé," ni wọ́n sọ.

Màmá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi tẹ̀ lé e. Mo ní ó ti bọ́ sí i nìyẹn! Àfi ìgbà tí wọ́n fi mí sáàárín lórí bẹ́ǹṣì.

"A ò ní gbé pọ̀ mọ́," bàbá mi sọ. "Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ, iṣẹ́ ẹ sì kọ́ láti tún un ṣe."

"Ṣùgbọ́n a ò ní máa fi ẹ́ ránṣẹ́ síra wa mọ́," màmá mi fi kún un. "Àwa fúnra wa la ó máa sọ̀rọ̀."

Mo sunkún títí ikun fi dà sí mi lẹ́nu. Màmá Palmgrove gbé báàfù náà ka ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní kò burú, èmi ni ọmọ tuntun náà.

Lónìí, orí fóònù lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi sì ti di ibi tí wọ́n ti ń ta páànù. Àwọn méjèèjì ti darúgbó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣì ń gbé. Láàárọ̀ yìí, màmá mi pè mí: ṣé bàbá mi ti jẹun? Mo ní kí wọ́n bi bàbá fúnra wọn. Màmá ní àwọn ti bi bàbá lẹ́ẹ̀mejì, bàbá ní àwọn ti jẹun, ṣùgbọ́n irọ́ ni, àwọn mọ ohùn bàbá tébi bá ń pa wọ́n. Wọ́n ní kí n lọ wo ìkòkò bàbá.

Bàtà mi ni mò ń wá báyìí.