Erùpẹ̀ Àlejò

Òórùn erùpẹ̀ yẹn kò tíì kúrò nímú mi. Ó ń rùn bí olú tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, pẹ̀lú òórùn oje igi kan tó ń ta ni nímú. Inú àpò ìrẹsì ló wà, lábẹ́ igi máńgòrò oko wa lẹ́yìn Mowé, nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ìwọ náà mọ Mowé ayé ìgbà náà, kí ilé tó gba gbogbo rẹ̀. Tí o bá ti kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀kadà á gbé ọ gba àárín ẹ̀gẹ́ kọjá, o ò sì ní gbúròó mọ́tò mọ́.

Ẹni tó kó erùpẹ̀ náà wá jẹ́ ará Ọ̀yọ́ kan, ọkùnrin gíga tó ti ṣiṣẹ́ igi gbíngbìn káàkiri. Bàbá mi ló mú un wá. Ilẹ̀ yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù fún bàbá mi, ó sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àwọn aládùúgbò: ilẹ̀ tí nǹkan kan kò bá dúró lórí rẹ̀, ẹlòmíràn á bá ọ tà á. Ará Ọ̀yọ́ náà ní kí àwọn jọ gbin páìnì, igi pákó tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, kí àwọn sì jọ pín in tó bá dàgbà. Bàbá mi gbà. Èmi kò gbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, tó ń gbé inú abà oko náà, kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo. Kì í gbin igi tí yóò pẹ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ, torí lọ́jọ́ kan, igi náà á di ẹlẹ́rìí rẹ̀ pé òun ló ni ilẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣán igbó, wọ́n hú kùkùté, wọ́n ta okùn, wọ́n sì ń kan èèkàn mọ́lẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Èèkàn yẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Láti Ìbàfò dé ọ̀dọ̀ wa, èèkàn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún ọ pé wọ́n ti ta ilẹ̀ rẹ. Mo fi ẹsẹ̀ wọn àárín méjì nínú wọn. Kò lè gba yàrá kan tó dáa, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó tí mo mọ̀, wọ́n á kọ́ ilé síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi èèkàn ṣe?" Mo bi ará Ọ̀yọ́ náà.

"Ojú ihò igi ni, àbúrò mi."

Mo ní ó dáa. Kò dáa nínú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe oore ni mo ń ṣe. Mo fẹ́ máa wo ọwọ́ wọn ni. Bí wọ́n bá gbẹ́ ihò, wọ́n á da ilẹ̀dú òkè sí apá kan, wọ́n á da ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ sí apá kejì. Ìgbà tó kù kí wọ́n dá ilẹ̀dú padà ni àpò erùpẹ̀ dé.

"Ilẹ̀ tiwa ò dáa ni?" Ìyá Àgbà bi ará Ọ̀yọ́ náà.

Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó dáhùn. "Ó dáa, Ìyá. Ṣùgbọ́n páìnì ò hù nínú ẹ̀ rí. Abẹ́ páìnì tó ti dàgbà la ti wa èyí." Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì fi nǹkan funfun tín-ín-rín bí òwú hàn wá nínú rẹ̀. "Èyí ló máa ń bá igi náà wá oúnjẹ nínú ilẹ̀. Tí ò bá sí, ebi ló máa pa igi."

Òtítọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ká ní irọ́ ló pa, ì bá sàn fún un. Igi wo ló ní nǹkan abẹ́ ilẹ̀ tó ń bá a wá oúnjẹ kiri? Ìyá Àgbà wò mí, èmi náà wò ó. Ó pe àwọn adìẹ rẹ̀, ó ní kí a da díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n tú u síwá, wọ́n tú u sẹ́yìn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó jọ pé kò sí ekòló níbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀rí pé oògùn wà nínú rẹ̀ ni a pè é.

"Adìẹ mọ ohun tí ò dáa," Ìyá Àgbà wí. "Kó má kan ibi tí ìyá wa sùn sí."

Ahoro ilé ìyá wọn ló ń sọ, ní ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí ojú oórì ìyá náà wà. Bàbá mi ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò ni, ẹ̀gbọ́n sì ti sọ̀rọ̀. Ará Ọ̀yọ́ náà bẹ̀bẹ̀ pé igi ibẹ̀ kò ní yè láìsí erùpẹ̀ náà, a ní ó ń halẹ̀ mọ́ wa. Wọ́n gbẹ́ ihò yí ahoro ká, wọ́n fi ilẹ̀dú wa nìkan dí i, èmi sì dúró tì wọ́n. Mo tiẹ̀ ní kí ọ̀kan nínú wọn tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta kí n rí i.

Òjò dé, wọ́n gbin igi. Nígbà tí yóò fi di òjò ọdún kejì, páìnì inú oko ti dúdú minimini. Ti ẹ̀bá ahoro pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò kúrò lójú kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ló pa wọ́n tán. Ará Ọ̀yọ́ náà ní òun á tún wọn gbìn lọ́fẹ̀ẹ́ bí a bá jẹ́ kí òun lo erùpẹ̀. Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìyá àwọn ló lé igi náà, inú mi sì dùn pé ojú wa ò tàn wá.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá mi, èmi àti Ìyá Àgbà lọ sóko, a bá òkìtì yanrìn àti búlọ́ọ̀kù lórí ahoro náà. Ará Èkó kan ti fa ìpìlẹ̀ ilé síbẹ̀. Kò bá wa jà, ó tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹbí yín ló tà á fún mi. Wọ́n ní ibi tí igi yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ní ẹni tó ni ín, àwọn ò lè débẹ̀. Èyí ni wọ́n ní ó ṣófo."

Mọ̀lẹ́bí wa kan láti agboolé kejì ló tà á. Òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a da erùpẹ̀ fún adìẹ, ó sì wà lára àwọn tó ní kí a ṣọ́ra fún àlejò. A rojọ́ títí, ilé náà ń ga sí i. Ìyá Àgbà kò sunkún. Ó dúró ti igi tó gbẹ̀yìn nínú oko, ó fi ọwọ́ lé e, ó sì bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Erùpẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Ìfura loògùn àgbà, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo ṣì ń fura títí dòní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àlejò nìkan ni a ń ṣọ́ nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọwọ́ ẹbí. Igbó ará Ọ̀yọ́ náà ṣì wà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí mo bá fẹ́ kí ìyá bàbá mi, abẹ́ àwọn páìnì yẹn ni mo máa ń dúró sí, nínú òórùn erùpẹ̀ tí a lé, mo sì máa ń kí i láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì onífẹ́ǹsì.