Aṣọ Akọrin Tí Ìyá Kékeré Lọ̀

Èmi ni mo ṣẹ̀. Bí mo bá gbóòórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú, ọ̀sán kan ní Olówógbowó ni mo máa ń rántí. Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì bàbá mi, ń lọ aṣọ akọrin mi.

Mo ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kì í fún yín ní Kọmúníọ̀nù. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni yín.”

Wọ́n fẹ́ eérú dànù. “Ó dáa, Bíṣọ́ọ̀bù. Jésù ló gbà mí là, kì í ṣe aṣọ funfun. Sún sẹ́yìn, kí iná má jó ẹ.”

Nǹkan kán sórí aṣọ náà. Mo rò pé òógùn ni.

Mo dàgbà kí n tó ronú sí i pé bàbá mi tó fẹ́ wọn ṣe ìyàwó kejì ń gba Kọmúníọ̀nù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

Ìyá Kékeré ti kú báyìí. Ẹ̀bẹ̀ tí mo jẹ wọ́n ṣì wà lọ́rùn mi.