Ẹní Tí Mo Tẹ́ Bo Ihò Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé a ò rí òkè tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Mo rántí pé bí mo ṣe ń gbá eruku kúrò lórí àtẹ̀gùn tán ni òmíràn tún ń bà lé e. Àwọn obìnrin ilé àna wa ń bọ̀ láti Ogbooro wá kí wa, torí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alápákó tí bàbá ọkọ mi kọ́ sí Ṣakí la ti fẹ́ gbà wọ́n lálejò.

Ikán ti jẹ pákó ilẹ̀ lókè, lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ihò náà sì fẹ̀ tó ẹnu ìkòkò ọbẹ̀. Ọkọ mi ti ra pákó àti ìṣó sílẹ̀ kó tó lọ wa iṣu lóko Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó ní kí n pe káfíńtà. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, àmọ́ èmi ń fi òní dónìí, mò ń fi ọ̀la dọ́la, títí ọjọ́ àlejò fi pé. Kí ni mo wá ṣe? Mo gbé páálí lé ihò náà, mo tẹ́ ẹní tuntun lé e. Mo ní mo bo àṣírí ilé. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ọgbọ́n mi.

Ní ìyálẹ̀ta, ìyá ọkọ mi gòkè wá láti kírun. Ó rí ẹní náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, o ti tẹ́ ẹní ìrun dè mí? Ọlọ́run á bo àṣírí tìẹ náà."

"Àmín, ìyá mi."

Ó yẹ kí n pariwo. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn àlejò nísàlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ihò wà nílé wa. Mo ní bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò dúró sí. Àárín ló gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú ihò náà dé orúnkún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ tán ni àwọn àlejò dé.

"Ẹ má wò mí o, mo kọsẹ̀ ni. Àgbà ti dé!" Ìyá fi ìró bo ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó ti ihò náà títí wọ́n fi lọ.

Àwọn ọmọ náà fẹ́ra wọn. Ṣùgbọ́n títí ìyá fi lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀, ó ń tiro, bí mo bá sì ti gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ lórí pákó, àyà mi á já.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ àlejò yẹn, mo ránṣẹ́ pe káfíńtà, ó ti lọ Irawo. Èmi fúnra mi ni mo fi òòlù tú gbogbo pákó tí ikán ti jẹ títí mo fi dé ibi tó le, mo kan tuntun síbẹ̀, mo fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde nínú ọkọ̀ kùn ún kí ikán má bàa jẹ ẹ́ mọ́. Mo wá gbé omi gbígbóná àti òrí, mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá.

"Ìyá mi, mo mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́."

"Èmi náà mọ̀ pé o mọ̀. Inú ihò yẹn ni mo ti ráyè rò ó: ta ní í tẹ́ ẹní ìrun sẹ́nu ọ̀nà?" Ó na ẹsẹ̀ sí mi. "Rọra o."

Mo bu òrí, mo fi ń ra ẹsẹ̀ náà. Mi ò lè gbójú sókè.