Bọ́tìnnì Àǹtí àti Ìyá Ó-Ti-Ṣiṣẹ́

Orúkọ méjì ni wọ́n fi ń pe obìnrin yìí, ọ̀kan ládùúgbò, ọ̀kan nílé ọkọ. Ládùúgbò, Ìyá Ó-Ti-Ṣiṣẹ́ ni. Bó bá ti tún ẹ̀rọ ẹni ṣe tán, á fọwọ́ gbá a lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní, "Ó ti ṣiṣẹ́!" kó tó di pé ó tan iná sí i rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lójú títì náà, kò sọ ọ́ rí kó má ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ: tábìlì kan tí epo ti sọ di dúdú, gílóòbù kan tó rọ̀ sílẹ̀ lókè tábìlì, agolo mílíìkì mẹ́jọ tí nọ́ọ̀tì kún inú wọn, àti fáànù, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n tò sára ògiri bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Nílé ọkọ ńkọ́? Nílé ọkọ, Bàjẹ́bàjẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Àǹtí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti la ẹnu, àwọn àbúrò rẹ̀ á pa tiwọn dé. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni. Ìyá Ó-Ti-Ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ni nígbà yẹn, òun àtọkọ rẹ̀ ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé Àǹtí kí wọ́n tó rí ilé tiwọn. Ẹ̀rọ amáṣọgbẹ kan wà ní yàrá ìfọṣọ nílé náà, funfun báláú, bọ́tìnnì roboto kan wà lójú rẹ̀. Téèyàn bá ti kó aṣọ tútù sí i, á yí bọ́tìnnì náà sọ́tùn-ún, síbi iye ìṣẹ́jú tó fẹ́. Aago inú ẹ̀rọ á máa rìn, bọ́tìnnì náà á máa bá a yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi débi tíṣẹ́ parí, agogo á dún gbàǹràn-gbàǹràn, ẹ̀rọ á dúró. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó tuntun kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sí i, ó yí i, ó lọ gbálẹ̀. Ìgbà tó padà wá, ẹ̀rọ ti dúró, aṣọ ò sì tíì gbẹ dáadáa. Ó ní kóun fi ìṣẹ́jú mélòó kan kún un. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì báyìí, ló bá já bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ti là sí méjì. Kó tó yíjú, Àǹtí ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Yéè! O ti bà á jẹ́!"

"Àǹtí, mi ò tíì yí i o, mo kàn fọwọ́ kàn án ni."

"Gbogbo ohun tọ́wọ́ ẹ bá ti kàn ló ń bàjẹ́! Lánàá, abọ́. Lónìí, ẹ̀rọ. Bàjẹ́bàjẹ́ ni wọ́n mú wọlé fún wa!"

Ó pe gbogbo ilé jọ. Ó ju bọ́tìnnì náà lu ìyàwó láyà, ó ní, "Gbà, so ó mọ́rùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ọkùnrin yẹpẹrẹ, èmi ò tíì dárí èyí jì í. Bàbá nìkan, bàbá gbogbo wọn, ló ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, wọn ò sì gbọ́ tirẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Odidi ọdún mẹ́ta, bó bá fẹ́ tan tẹlifíṣàn, á pe ẹlòmíì kó bá òun tàn án. Ìgbà tó yá ló sú u. Ó ní bó bá jẹ́ pé ìbàjẹ́ ló wà lọ́wọ́ òun, kóun kúkú lọ kọ́ bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ etí. Ọ̀gá yìí ló rí bọ́tìnnì fífọ́ náà nínú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbé e sún mọ́ iná.

"Ta ló yí èyí sẹ́yìn?"

"Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó yí i sẹ́yìn."

"Má parọ́ fún mi. Wo ihò inú ẹ̀, apá kan ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, torí irin tó ń wọ inú ẹ̀ náà tẹ́ lápá kan. Tó bá jẹ́ pé síwájú ni wọ́n fagbára yí i, igun ibí yìí ni ì bá ti ya. Igun ọ̀hún ló ti ya. Ẹ̀rọ tó ní aago nínú báyìí, ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń yí i. Ẹni tó fọ́ eléyìí yí i sósì, tipátipá ló sì fi yí i."

Ìyá Ó-Ti-Ṣiṣẹ́ wá ibì kan jókòó sí. Òun tí kò yí i sósì rí láyé òun! Ó wá rántí Àǹtí, tó máa ń sọ pé agogo ilé-ìwé tóun fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ ti tó òun láyé àti lọ́run. Bó bá ti ku díẹ̀ kí agogo ẹ̀rọ dún, Àǹtí á sáré wọlé, á yí bọ́tìnnì padà sósì, kó lè dákẹ́. Ó sì rántí pé agogo ò dún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ti dúró kóun tó débẹ̀, agogo ò sì dún. Obìnrin yẹn ti bà á jẹ́ tán, ó rọra tò ó padà sípò, ó wá ń ṣọ́ ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Ṣé ó lọ pariwo? Rárá o. Ta ni ì bá gbà á gbọ́? Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ju bọ́tìnnì náà sínú agolo kẹsàn-án, ó dé e, ó gbé e sábẹ́ tábìlì, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ má pe ìyẹn ní ìdáríjì. Kò sọ́jọ́ tí kì í wo agolo yẹn.

Ohun tó wá dáná sí i nínú ni ti ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ilé Àǹtí dé lọ́jọ́ Àìkú kan, ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń pè é ní Ọmọ Bàjẹ́bàjẹ́. Àǹtí sì gba kọ́ọ̀bù onígíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní ti rọ́bà.

"Mọ́mì, ṣé ọwọ́ tèmi náà ń ba nǹkan jẹ́ ni?"

Ìyá rẹ̀ wọ bálùwẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó sunkún títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Tòun, òun ti ń rù ú bọ̀. Àmọ́ kí wọ́n wá gbé e lé ọmọ lórí? Ó búra níbẹ̀ pé Àǹtí ló máa fẹnu ara ẹ̀ kó orúkọ yẹn kúrò lára ọmọ òun, lójú gbogbo àwọn tó ti fi í rẹ́rìn-ín.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, bọ́tìnnì tí Àǹtí rà rọ́pò ti àkọ́kọ́ náà fọ́. Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ Ìyá Ó-Ti-Ṣiṣẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń họ orí.

"Mọ́mì, bọ́tìnnì Àǹtí ti là o. Àwọn atúnẹ̀rọṣe méjì ti wò ó, wọ́n ní wọn ò ta irú ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹfà rèé tí òjò ń rọ̀. O sì mọ̀ pé Bàbá ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ẹ̀."

"Ṣé Àǹtí ló ní kí n wá?"

"Ó ní... ó ní kí n sọ fún ẹ ni."

"Ó ní kẹ́ ẹ sọ fún ta ni? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ó ní kí n sọ fún Bàjẹ́bàjẹ́."

"Ẹ ṣé. Ọjọ́ Àìkú ni mo ráyè."

Ọjọ́ Àìkú, torí ọjọ́ yẹn ni gbogbo ọmọ Bàbá máa ń pé sílé Àǹtí, tọkọtaya, tọmọtọmọ. Àmọ́ Bàbá ò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Ó kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì gbígbẹ mẹ́rin nínú kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó ní kí ọkọ rẹ̀ kó wọn lọ fún Bàbá lójú ẹsẹ̀. Ó wá jókòó ti tábìlì. Ó fi ayùn gé irin ní ìrí bọ́tìnnì, ó fi fáìlì tí wọ́n fi ń họ irin yùn ún títí ó fi dán. Ó tú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ti kú, ó yọ kẹ̀kẹ́ kékeré kan nínú rẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé téèyàn bá yí i síwájú, irin àárín rẹ̀ á bá a yí, téèyàn bá yí i sẹ́yìn á kàn máa yí lófo, bí ìgbà tí wọ́n bá wa pẹ́dà kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Ó kì í sínú bọ́tìnnì irin náà. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣe é, ẹ̀rín yẹn ò sì dáa.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, Àǹtí pàdé òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàjẹ́bàjẹ́, o wá parí èyí tó kù ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ó-Ti-Ṣiṣẹ́ kí Àǹtí dáadáa, ó sì wọlé lọ kí Bàbá, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí yàrá ìfọṣọ. Ó fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tútù ti kún inú ẹ̀rọ, àwọn ará ilé sì ti tò sẹ́nu ọ̀nà wá wòran. Ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ó mú bọ́tìnnì tó là, ó fi gúlù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó tì í bọ irin. Gúlù wo? Gúlù tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń lẹ pépà. Ṣé ẹ̀tàn ni? Ẹ̀tàn ni, ta ló fẹ́ mú un?

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i bí ẹ ṣe máa ń yí i, kí n mọ ibi tó ti ń dà yín láàmú."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?" Àǹtí fi ìka méjì yí i sọ́tùn-ún jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Tí agogo bá wá fẹ́ dún ńkọ́, mà?"

"Agogo kẹ̀? Mi ò gba agogo láyè nílé mi. Báyìí ni mo máa ń ṣe é." Ó di bọ́tìnnì mú, ó fagbára yí i sósì.

Kẹ̀! Ó là sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìyá Ó-Ti-Ṣiṣẹ́ ò pariwo. Ó mú agolo kẹsàn-án jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí i, ó gbé bọ́tìnnì ọdún mọ́kànlá lé orí ẹ̀rọ. Ó gba tọwọ́ Àǹtí, ó gbé e tì í.

"Ẹ wá wò ó. Ẹ wo igun tí méjèèjì ti ya. Ẹni tó bá yí i sósì nìkan ló lè fọ́ ọ báyìí. Ta ló ń yí i sósì nílé yìí?"

"Ó ti ń ya tẹ́lẹ̀," Àǹtí dáhùn. "Rọ́bà lásán ni wọ́n ń fi ṣe é."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yọ bọ́tìnnì irin lápò, ó jẹ́ kí gbogbo wọn rí i bó ṣe ń dán, ó dá a padà sápò. "Òjò á dá. Ẹ máa sá aṣọ Bàbá síta."

Òjò ń lu fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wú ikọ́, lẹ́yìn náà ló wá ní, "Àǹtí, ẹ kúkú sọ ọ́." Ẹ gbọ́ ọ, ó lẹ́nu! Àǹtí wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí.

Ohùn Bàbá wá láti yàrá kejì. Ó tínrín, àmọ́ gbogbo wọn gbọ́ ọ. "Ta ló bà á jẹ́?"

Bàbá ò tíì fẹnu ara rẹ̀ bi Àǹtí léèrè rí, Àǹtí ò sì lè parọ́ fún un. "Èmi ni, Bàbá."

"Ti ìjọ́sí ńkọ́?"

"Èmi náà ni." Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á fún mi ni nígbà yẹn. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bínú sí mi."

"Ọdún mọ́kànlá!" Ìyá Ó-Ti-Ṣiṣẹ́ kọjú sí i. "Ọdún mọ́kànlá, Àǹtí! Mo ń bẹ̀rù ọwọ́ ara mi! Mi ò dárí jì yín o. Ẹ má rò pé torí ẹ ti sọ ọ́, mo ti dárí jì yín." Ó fa ọmọ rẹ̀ síwájú. "Ọmọ mi rèé. Ẹ pè é."

Àǹtí wá pe ọmọ náà ní orúkọ tí Bàbá fún un, ó pè é délẹ̀délẹ̀, lójú àwọn ọmọ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá rẹ̀ fi bọ́tìnnì irin lé e lọ́wọ́. "Ìwọ lo máa tì í bọ irin."

Ọmọ náà wá ibi tó tẹ́, ó rí i, ó tì í wọlé, ó yí i sọ́tùn-ún, síbi ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ kùn. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì fọwọ́ gbá ẹ̀rọ náà lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ó ti ṣiṣẹ́!"

Àwọn ará ilé ní kí ìyá náà àtọmọ rẹ̀ jókòó jẹun, wọn ò jókòó. Òun àtọmọ rẹ̀ bọ́ síta, ó ṣí agboòrùn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ìfọṣọ.

"Mọ́mì, kí là ń dúró dè?"

"Fara balẹ̀."

Wọ́n dúró títí òjò fi rin bàtà wọn. Ìgbà tó yá, wọ́n gbọ́ sìlípáàsì Àǹtí tó ń sáré bọ̀. Wọ́n gbọ́ bọ́tìnnì tó ń yí sósì, kírì-kírì-kírì, tó ń yí lófo, àti Àǹtí tó ń ṣépè fún un. Ni agogo bá dún gbàǹràn-gbàǹràn-gbàǹràn, ó dún délé kejì.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì Bàbá, irin yẹn á sì lo ọgbọ̀n ọdún. Ìyá Ó-Ti-Ṣiṣẹ́ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ó yá, ká máa lọ sílé."