Oògùn Tí Àbúrò Ìyá Mi Ń Dúró Dè

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nílé àbúrò ìyá mi ní Ìkàrẹ́, níbi tí òórùn kòkó tí wọ́n sá síwájú ilé ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kà ni mo ti wá kí i. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún un, tí dókítà sì ní kó máa lo hóró oògùn kan lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rí páálí oògùn náà lójú fèrèsé, eruku ti bò ó. Àyà mi já. Ó ti mọ́ àyà mi lára láti máa já kí ọ̀rọ̀ tó dé, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀: ẹsẹ̀ mi tutù, etí mi gbóná, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni àbí ìbínú, tàbí méjèèjì pọ̀.

"Ẹ ò lo oògùn yín mọ́ ni?"

"Tìẹ ni mò ń dúró dè, dókítà aláìlábẹ́rẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá rẹ ní ẹ ń ṣe èyí tó mọ ilé tí jẹjẹrẹ ń gbé. Eléyìí ń mú ara mi gbóná bí ààrò. Kí ló tún kàn mí kàn án?"

Òótọ́ ni pé mo wà lára àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. A máa ń fi ọ̀rá tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ di oògùn, kó má baà tú títí yóò fi dé ibi tí àrùn wà. Ṣùgbọ́n ara eku la ṣì ti ń dán an wò. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò kan ènìyàn. Bí obìnrin yìí bá wá kú níbi tó ti ń dúró de iṣẹ́ ọwọ́ mi ńkọ́?

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní èròjà kan wà lára obìnrin tó ń bọ́ irú jẹjẹrẹ tirẹ̀. Pé ẹ̀dọ̀ a kọ́kọ́ tún oògùn yẹn ṣe kí agbára rẹ̀ tó pé, lẹ́yìn náà ni yóò lọ jókòó sí àyè tí èròjà náà fẹ́ jókòó sí. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ó ń yán.

Àfi bó ṣe nawọ́ dá mi dúró. "Ṣé bí ìgbà tí mo bá tètè tẹ́ ẹní ìkírun mi sí ìlà iwájú ni? Tí orogún mi á wá dé, tí kò ní ráyè?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!" Mo pariwo débi pé àwọn adìẹ sá kúrò lórí kòkó.

"Bí mi ò bá wá ńkọ́?"

"Wọ́n á jókòó síbẹ̀ ni."

"Orogún mi kẹ̀? Lójú ayé mi?" Ó dìde, ó fi etí ìró rẹ̀ nu páálí oògùn náà.

Lọ́jọ́ Ajé, a jọ lọ rí dókítà. Ó ní kó padà sídìí oògùn náà, ó sì fún un ní ohun tí yóò dín ooru ara kù. Ìgbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, wọn ò rí àpẹẹrẹ jẹjẹrẹ kankan. "Àlùhámúdùlíláì!" ló ń ké bọ̀ láti inú yàrá àyẹ̀wò, ó ń jó, mo ń jó, mo sì ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ti máa ń rò pé ọjọ́ tí oògùn wa bá ṣiṣẹ́ ni mo máa tó lè pe ara mi ní ẹni tó ṣe nǹkan. Ọjọ́ àyẹ̀wò yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti ń ṣe é, pẹ̀lú àlàyé ẹnu mi lásán. Ní báyìí, àwọn obìnrin ìlú Àjọwá àti Afin tó gbọ́ nípa rẹ̀ ń pè mí pé kí n wá bá àwọn náà sọ̀rọ̀, ọ̀gá mi níbi ìwádìí sì ń fẹ́ kí n wà nídìí eku lójoojúmọ́. Bí mo bá ń kiri, ìwádìí á falẹ̀. Bí mo bá jókòó ti ìwádìí, ẹlòmíràn lè máa dúró dè é kí ó sì pa oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tì. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, èwo lẹ máa mú?