Túyà Ìyá Onílé Wa

Ìyá onílé wa ní Bàrígà kì í gba orúkọ igi gbọ́ láìgbóòórùn ewé rẹ̀. Á já a, á rún un, á gbé e símú. “Imú mi ni ìwé mi,” ló máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá túyà mọ̀ lọ́dọ̀ àwọn olódòdó Akoka, igi tí kì í wọ́wé, tí ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì ń ta sánsán.

Ó gbìn ín síwájú ilé. Nígbà ọyẹ́, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àkọ́bí rẹ̀ gbé àdá dé.

“Màmá, ó ti kú. Ẹ jẹ́ n gé e.”

“Dúró ná!” Ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. “Ẹ wá wò ó! Ó wà láàyè!”

Ọmọ náà sọ àdá kalẹ̀. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń bomi rin ín láràárọ̀. Òun náà ló kígbe lẹ́yìn tójò àkọ́kọ́ rọ̀: “Màmá, ó ti rúwé!”

Ìyá sáré jáde, ọṣẹ ìfọyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀. Ó di ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n ń jó. Gbogbo àwa ayálégbé sì bá wọn jó yí igi náà ká.